Chigusa Onodera, Ẹni Tó Ní Kí A Gbé Ilé Ìwé Lọ Sórí Òkè

Ìyá rẹ̀, Fusae, ń gbin ìrẹsì lọ́wọ́ ní Kawasode, létí òkun ìlà oòrùn Japan, nígbà tí ìrọbí mú un. Wọn kò tíì gbé e délé tí Chigusa fi dé, nínú oṣù Karùn-ún ọdún 1944. Tokuji Onodera, àgbẹ̀, ni baba rẹ̀.

Ó kàwé ní ilé ìwé etí òkun. Ní 1963, ó lọ sí yunifásítì ní Sendai, ó kọ́ ìmọ̀ ilẹ̀ àti àpáta. Ní 1970, Seigo, olùkọ́, fẹ́ ẹ, ọkọ náà sì gba orúkọ Onodera, ti ilé ìyàwó rẹ̀, nítorí Tokuji kò bí ọkùnrin. Yasuto nìkan ni wọ́n bí.

Bí òkun bá ya wọ ìlú, ó máa ń fi yanrìn sílẹ̀. Ẹrẹ̀ á bò ó, ayé á gbàgbé. Ibi tí yanrìn àtijọ́ dé ni Chigusa fi ń mọ ibi tí omi tún lè dé. Ilé ìwé etí òkun ló ń bà á lẹ́rù. Yasuto wà níbẹ̀.

Ní 1982, ó gbẹ́ oko baba rẹ̀, ó kan yanrìn, ó sì pe ìgbìmọ̀ ìlú. Tokuji bú sẹ́rìn-ín.

“Chigusa, èmi ni mo kó yanrìn yẹn wá, kí oko lè dáa! O jẹ ìrẹsì ibẹ̀ yó tán, o wá ń pè é ní òkun?”

Láti ọjọ́ náà, wọ́n ń pè é ní Ọ̀mọ̀wé Yanrìn Bàbá.

Kò bá wọn jà. Ó wá ibi tí ọkọ́ kò kàn rí: àbàtà ẹ̀yìn ojúbọ ìlú, tó jìnnà sí òkun ju ilé ìwé lọ. Ó gbé ọtí ìrẹsì fún olùtọ́jú ojúbọ, ó tọrọ àyè. Lábẹ́ eérú òkè iná tó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún, ó kan yanrìn, pẹ̀lú ìkarahun òkun wínníwínní nínú rẹ̀. Ó fi páìpù bu ilẹ̀ náà bó ṣe tò léra, ó gbé e lọ sí ìpàdé.

“Ọ̀mọ̀wé, àwọn baba ńlá wa ò rírú ẹ̀ rí,” ni olórí ìgbìmọ̀ wí.

Tokuji dìde, ó fọwọ́ ra yanrìn náà.

“Eléyìí kì í ṣe tèmi o. Ẹ kó àwọn ọmọ lọ sókè.”

Ọdún 1988 ni wọ́n ṣí ilé ìwé tuntun. Yasuto ti jáde nígbà náà.

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹta ọdún 2011, ilẹ̀ mì, omi sì dé. Ó kọjá ojúbọ. Chigusa fẹsẹ̀ gun òkè lọ sí ilé ìwé. Olùkọ́ kan sáré pàdé rẹ̀.

“Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Gbogbo wọn pé.”

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún. Seigo kò rí irú rẹ̀ rí.

Ọdún tuntun kan kò kọjá kó má lọ dúpẹ́ ní ojúbọ. Ó dákẹ́ nínú oṣù Kẹwàá ọdún 2024, lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Ó fi Seigo sílẹ̀, àti Yasuto, àti àwọn ọmọ-ọmọ méjì, Kanae àti Mio.

Chigusa, sùn ní ìrọ̀rùn. Ohun tí ò ń bẹ̀rù ti kọjá.

Ilé ìwé etí òkun kò sí mọ́. Àtẹ̀gùn iwájú rẹ̀ nìkan ló kù.