Òpó Méjì Nínú Pálọ̀ Bàámi

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú ìtọ́jú Bàámi, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú àìsùn. Ẹ gbà pé mo kúnlẹ̀ o, nítorí inú ọkọ̀ iṣẹ́ ni mo jókòó sí tí mò ń kọ lẹ́tà yìí ní Kánádà níbí, kò sì sí àyè fún orúnkún. Bàámi, mo kí yín tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Délé, àbúrò mi, o kú iṣẹ́ takuntakun. Mo ti bẹ àwọn tó ń ṣe ìwé ìròyìn ìjọ wa ní Ọ̀wọ̀ kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí síta, nítorí ilé tiwa nìkan kọ́ ni àìsàn rọpárọsẹ̀ wọ̀, ẹlòmíràn náà lè fẹ́ kan irin ìdìmú mọ́ ògiri fún aláìsàn tirẹ̀ lọ́la. Inú mi dùn débi pé n kò mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ti ń bi mí tipẹ́ pé kí ni obìnrin ń wá lórí àkàbà. Iṣẹ́ mi rèé. Àwọn ará ibí kì í fẹ́ jáde nígbà òtútù, nítorí náà wọ́n ń kó eré ìdárayá wọnú ilé. Ẹnì kan á fẹ́ irin tí yóò máa rọ̀ mọ́, ẹlòmíràn á fẹ́ àpò ńlá tí àwọn akànṣẹ́ ń lù. Èmi àti ọ̀gá mi, ará Poland kan tó ń jẹ́ Marek, la máa ń lọ so ó mọ́ ògiri tàbí mọ́ àjà.

Ẹlẹ́tàn ni ògiri ibí. Ẹ ó wò ó, ẹ ó ní òkúta ni, àṣé nǹkan pẹlẹbẹ bíi páálí ni wọ́n fi bo ojú rẹ̀. Àwọn igi tí wọ́n tò lóòró sẹ́yìn rẹ̀ ló lágbára, àti àwọn tó gbé àjà. Eegun ilé ni Marek ń pè wọ́n. Eegun yẹn la gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá. A ó máa fi ìka kan ògiri. Ibi tó bá dún bí agolo òfìfo, a kì í kan nǹkan kan síbẹ̀. Ibi tó bá dún kì, a ó fi ìṣó tẹ́ẹ́rẹ́ wò ó bóyá igi ló bà lóòótọ́, kí a tó gbé dírílù. Bí a bá sì parí, èmi ni Marek máa ń ní kí n kọ́kọ́ rọ̀ mọ́ ọn kí oníbàárà tó fọwọ́ kàn án. Ẹ mọ̀ pé iyán Ọ̀wọ̀ kò tíì tán lára mi. Ohun tó bá gbé èmi, ó lè gbé ẹnikẹ́ni.

Òtútù ibí kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́. Ọyẹ́ a máa la ètè, eléyìí ń wọ inú eegun. Ṣùgbọ́n òtútù kọ́ ló ń dùn mí jù, bí kò ṣe pé n kò rí ẹni bá sọ Ọ̀ghọ̀, èdè Ọ̀wọ̀ tiwa. Ògiri ni mo wá ń bá sọ ọ́. Bí mo bá ti ń fi ìka kàn án, màá máa kí i, màá máa bẹ̀ ẹ́ kó fi eegun rẹ̀ hàn mí. Marek bi mí lọ́jọ́ kan bóyá àdúrà ni mò ń gbà, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Owó iṣẹ́ náà dára, mo dúpẹ́, àmọ́ owó kì í bá èèyàn jẹun lọ́jọ́ Àìkú.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ pè mí pé dókítà ti ní kí Bàámi ní irin kan nílé tí wọn yóò máa dì mú dìde, àti okùn tó gba inú púlì, kẹ̀kẹ́ kékeré tó ń yí lókè, tí ọwọ́ tó dá yóò fi máa fa ọwọ́ tó rọ, ṣe ni mo fò sókè. Ẹ ní ìkórè ìjọ ni Bàámi fojú sùn, pé ẹsẹ̀ ara àwọn làwọn fẹ́ fi rìn dé iwájú pẹpẹ, àwọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé àwọn bí ẹrù. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo sọ fún ara mi pé bí iṣẹ́ tí mò ń ṣe fún àwọn àjèjì kò bá lè gbé bàbá mi dìde, kí ni mo wá ń ṣe níbí?

Wẹ́dà ti jó irin, ẹ sì ti fi dá mi lójú pé sìmẹ́ńtì ni ògiri pálọ̀ wa. Mo ní kí Délé kọ́kọ́ lu ihò kékeré kan, kí n máa wò ó lórí fídíò. Dírílù wọlé wọ́ọ́rọ́, gbogbo yín ń yìn ín. Ṣùgbọ́n pupa ni ìyẹ̀pẹ̀ tó ń dà sílẹ̀. Mo figbe ta pé amọ̀ ni, débi pé Marek sá wá wò mí.

Màámi, ẹ bínú sí mi lọ́jọ́ náà. Ẹ ní ṣé èmi náà wá ń pe ilé tí wọ́n bí mi sí ní ilé amọ̀, níwájú òyìnbó. Ẹ má bínú. Bàbá àgbà ló fi amọ̀ mọ ọ́n, sìmẹ́ńtì tí ẹ fi rẹ́ ẹ kí n tó gbọ́njú ló dára tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo wa fi gbàgbé. Ní Ọ̀wọ̀ wa, ta ló tún ń rántí amọ̀ bí wọ́n bá ti rẹ́ ilé tán, tí wọ́n kùn ún lọ́dà? Amọ̀ náà lágbára o, òrùlé ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó sì ń gbé e. Àmọ́ bí èèyàn bá dì í mú tó ń fà á síta, ìṣó á bọ́, irin á sì tẹ̀ lé Bàámi dé ilẹ̀.

Délé ní kí a so púlì mọ́ àjà. Mo ní àjà wa, pákó tín-ín-rín ló gbé e, aláǹgbá nìkan ló lè gbé. Ó ní yàrá ẹ̀yìn ńkọ́, tó jẹ́ búlọ́ọ̀kù. Mo ní inú búlọ́ọ̀kù ṣófo, ìṣó kò ní ríbi dì mú. Mo rò pé ó ti parí nìyẹn, omi sì ń lé sí mi lójú.

Bàámi ló dá sí i láti orí àga. Ẹnu wọn ṣì wúwo, Arimogija, orúkọ ibi tí oko wa wà, nìkan ni mo gbọ́. Ẹ rò pé oko ni wọ́n ń béèrè, Délé sì ń sọ fún wọn pé a ti wa iṣu tán. Èmi mọ ohun tí wọ́n ń wí. Ní Arimogija, bí a bá ń to iṣu, Bàámi kì í jẹ́ kí a so ó mọ́ ọgbà. Òpó tó rì sínú ilẹ̀ la ń so ó mọ́, àwọn fúnra wọn á sì di òpó kọ̀ọ̀kan mú, wọn á mì ín, kí wọ́n tó gbà kí a gbé iṣu kan ṣoṣo sí i. Ògiri kọ́ ni Bàámi ń fẹ́, òpó ni.

Ẹ sì yára. Ẹ ra òpó ìrókò méjì, bíríkìlà gbẹ́ ilẹ̀ pálọ̀ jìn, ó da kọnkéré yí ìdí wọn ká. Délé gbé igi ìdábùú lé wọn lórí, bóòtì onínọ́ọ̀tì gba inú igi já sí òdìkejì, púlì rọ̀ mọ́ ìdábùú, irin sì wà láàárín òpó méjèèjì ní ọgbọọgba ìbàdí Bàámi. Mo dúpẹ́ pé ẹ bu omi sí kọnkéré náà títí ó fi gbó, bí Bàámi tilẹ̀ ń fojú bẹ̀ yín lójoojúmọ́ pé kí ẹ jẹ́ kí àwọn dì í mú.

Fídíò tí Délé fi ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí, mo ti wò ó títí. Ẹ gbé àga Bàámi sún mọ́ òpó. Ẹ̀yin dúró lẹ́yìn wọn, ẹ na ọwọ́ méjèèjì, ẹ kò sì fi kàn wọ́n. Kí wọ́n tó fojú wo irin rárá, Bàámi na ọwọ́ tó dá, wọ́n di òpó mú, wọ́n mì ín. Kò mì. Wọ́n mi ìkejì. Ìgbà náà ni wọ́n di irin mú, wọ́n sì dìde dúró ṣánṣán. Marek pàtẹ́wọ́ nínú ọkọ̀ níbí. Ó bi mí pé kí ni bàbá náà kọ́kọ́ ń ṣe sí igi yẹn. Mo ní ibẹ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́ kí n tó mọ̀ pé mò ń kọ́ ọ.

Ẹ jọ̀ọ́, kí Délé máa yẹ nọ́ọ̀tì wò, kó máa fún un le. Bí okùn bá ti ń tú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bàámi kò gbọ́dọ̀ dá nìkan wà níbẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ ń kanra.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, ẹ kí alága ìjọ àti ẹgbẹ́ akọrin. Ẹ̀mí yín á gùn, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Òpómúléró ilé wa ni Bàámi, gbogbo wa la ti fẹ̀yìn tì wọ́n rí. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí òpó tiwọn náà mì. Bí ọjọ́ ìkórè bá pé, ẹ má bẹ ẹnikẹ́ni pé kó wá gbé wọn. Ẹ kàn ní kí àwọn èèyàn yà lọ́nà fún wọn.

Èmi ni ọmọ yín tó ń rọ̀ mọ́ àjà onílé káàkiri,
Fúnmiláyọ̀.