Ohùn Ìyá Rẹ Tó Wà Nínú Kọ̀ǹpútà

Gamkalley, Niamey
Ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kọkànlá, 2015

Fàìsàt ọmọ mi,

Kí àlàáfíà Ọlọ́run bá ọ nílé àti níbi iṣẹ́. Kí o tó kà síwájú, jẹ́ kí n sọ fún ọ pé ojú ewé méjì ni lẹ́tà yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á kí n tó lẹ̀ ẹ́, kò sí ohun mìíràn tó fara pamọ́ sínú rẹ̀, má bẹ̀rù láti ṣí i. Ṣé ara le? Ṣé ariwo Èkó ò pa ọ́ lórí? Gbogbo àsùbáà ni mo ń bẹ Ọlọ́run lórí ìwọ àti Àmír àbúrò rẹ, kí ẹ má rí ìjà ẹnikẹ́ni, kí ẹ má pàdánù ohun tí ẹ fi òógùn wá. Àmír wà ní Maradi, kò pè mí láti ìjẹrin, bí ó bá pè ọ́, sọ fún un pé àyà mi ń já.

Ilé dára. Àwọn tó ń gbin sàláàdì létí odò ní kí n kí ọ. Ìbò ń bọ̀, ẹgbẹ́ òṣèlú mẹ́rin ló ti fún mi ní fìlà láti oṣù tó kọjá, mo gba gbogbo rẹ̀, torí oòrùn ibí yìí ò mọ ẹgbẹ́ kankan.

Ohun tó mú mi kọ̀wé ni ohùn ìyá rẹ tó wà nínú kọ̀ǹpútà tí o fún mi. Mi ò mọ̀ bóyá ó lè dúró síbẹ̀ àbí kí n pa á rẹ́.

Nígbà tí o pè, o ní ohun tí a fi ń ṣí ìwé wò nínú kọ̀ǹpútà náà ní àléébù. O ní ó máa ń ya àyè sọ́tọ̀ nínú ìrántí rẹ̀ fún ìwé tó bá dé, ṣùgbọ́n kì í wọn ìwé náà kó tó gbà á wọlé, àwọn olè sì mọ̀, wọ́n á kọ ìwé tó ju àyè náà lọ, á kún, á ṣàn dé ibi tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú àṣẹ sí, àṣẹ olè ni yóò wá máa tẹ̀lé. O bi mí bóyá ó yé mi. Ó yé mi dáadáa. Ohun tí Làmídì ọmọ àbúrò bàbá mi ṣe fún wa nìyẹn kí a tó bí ọ, nígbà tí èmi àti ìyá rẹ ń gbé yàrá kan lẹ́yìn ọjà Petit Marché. Ó kọ̀wé láti Ìlọrin pé òun ń bọ̀ pẹ̀lú àpò kan, a ya igun kan sọ́tọ̀ fún un. Àpò méje ló sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ewúrẹ́, ẹrù kún igun, ó kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ṣàn dé ibi ìdáná, nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kejì Làmídì ló ń sọ fún ìyá rẹ ohun tí a máa jẹ. Ìyá rẹ máa ń fi í rẹ́rìn-ín nígbà tó yá, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà kò rẹ́rìn-ín.

Nítorí náà mo dìde sí i. Alhaji Àmúdà, alága àwa Yorùbá tó ń tajà ní ọjà Grand Marché, fi ìwé ìpàdé ránṣẹ́ sínú kọ̀ǹpútà torí èmi ni akọ̀wé, mi ò ṣí i. Mo ní kó gbé e wá fúnra rẹ̀, kó sọ iye ojú ewé rẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí. Ó ní ṣé wọ́n ti sọ mí di dùwáànù ẹnu ibodè ni, tí mo fi ń tú ẹrù wò. Gbogbo ìsọ̀ rẹ́rìn-ín. Kọ̀ǹpútà náà alára ń fi Faransé bẹ̀ mí láràárọ̀ pé kí n jẹ́ kí òun tún ara òun ṣe, mo ń tẹ rárá, torí ìwọ lo ní kí n má gba ohun tí n kò mọ̀. Má fòyà, kò tíì rí mi mú.

Mo wá rò ó pé bí ìrántí rẹ̀ bá ṣófo, kò ní sí ohun tí yóò kún dànù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwòrán rẹ́. Mi ò kàn dà wọ́n nù o, mo ra ìwé olójú ewé ọgọ́rùn-ún, mo ń kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kí n tó pa á. Àwòrán kìíní: Àjọkẹ́ ìyá rẹ jókòó sórí ìdì àǹkárá nínú ìsọ̀ wa, oníbàárà kan ń fi èdè Zarma dúnàádúrà, ìyá rẹ ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Àwòrán kejìlá: ìwọ, ọmọ ọdún mẹ́fà, eyín iwájú ò sí, o di máńgòrò mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ìgbà yẹn dára, Fàìsàt. Bí a bá ti pa ìsọ̀ dé, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á rìn dé etí odò, ìyá rẹ á bọ́ bàtà, á ní ilẹ̀ ibẹ̀ tutù bíi tilé, èmi á ní irọ́ ni, òun á ní kí n bọ́ tèmi náà kí n tó jiyàn. Àwòrán mẹ́rìndínlógójì ni mo ti kọ. Ọwọ́ ń dùn mí.

Ó wá ku ohùn. Èyí tó gbà sílẹ̀ fún ọ lọ́dún tó ṣáájú ikú rẹ̀, nígbà tí o ní wàrà ń wù ọ́ jẹ l'Ékòó, tó ń ṣàlàyé bí a ṣe ń gbé mílíìkì kaná àti ìgbà tí a ń da omi ewé bọmubọmu sí i, tó dúró láàárín láti sọ fún mi pé kí n yé fi ṣíbí lu ife, ariwo mi ń wọlé. Mo gbìyànjú láti kọ òun náà sílẹ̀. Mo kọ mílíìkì, mo kọ bọmubọmu, mo kọ ṣíbí. Nígbà tí mo kà á, bí a ṣe ń ṣe wàrà wà níbẹ̀, ìyá rẹ ò sí níbẹ̀.

Mo ní kí n pa á rẹ́, kọ̀ǹpútà bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo ní kò dá mi lójú. Mo pa kọ̀ǹpútà náà dé.

Jọ̀wọ́, bá mi wá ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá sẹfà kí n fi ra fíláàṣì kan, irú èyí tí a ń kì bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, tí ohùn náà yóò máa dá gbé, kí o sì fi owó bírò lé e, torí àwòrán tí mo ń kọ sílẹ̀ ti gbẹ bírò méjì. Ṣùgbọ́n bí owó bá pẹ́, mo ti pinnu, mi ò ní pa ohùn náà rẹ́. Bí olè bá fẹ́ wọlé, kó wọlé. Obìnrin kan tó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ ní wàrà ni yóò bá níbẹ̀. Bóyá yóò jókòó gbọ́ ọ.

Ọlọ́run yóò fi ẹni tí yóò máa pè ọ́ lórúkọ sí ilé rẹ, kò ní jẹ́ kí o dá jẹun. Àmín.

Èmi bàbá rẹ,
Lùkúmàn