Ìrìn Tí A Rìn Nítorí Ẹ̀rọ Ọ́síjìn

                                                            14, Òpópó Ìrẹ̀pọ̀,
                                                            Amúkòkò,
                                                            Èkó.
                                                            9 Oṣù Kejìlá, 2024.

Bọ̀ọ̀dá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú wàhálà àwọn ọmọ. Ìyàwó wa ńkọ́? Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti fúyẹ́? Àbígbẹ̀yìn yín ńkọ́, ṣé ó ṣì ń gé èèyàn jẹ? Mo gbà á ládùúà pé ara gbogbo yín le bí lẹ́tà yìí ṣe ń bá yín ní Ìlọrin. Màmá wà dáadáa. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé bàtà tí ẹ fi ránṣẹ́ bá àwọn lẹ́sẹ̀ mu, àmọ́ ọjọ́ ọdún ni àwọn ó wọ̀ ọ́.

Mo mọ̀ pé ẹ ti gbọ́ pé ẹsẹ̀ mi kán. Kò kán o. Ó kàn rọ́ ni. Màmá ló sọ fún yín, ẹ sì mọ Màmá: ẹni tó bá húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á ní ó ti wà ní ọsibítù. Mi ò pè yín nítorí pé lórí fóònù ẹ kì í jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi wí. Ẹ ò lè dá lẹ́tà lẹ́nu. Ẹ jókòó, kí n rò ó fún yín bó ṣe rí.

Ẹ rántí Onyeka, ìyàwó Emeka tó ń ta páànù, tí yàrá wọn kọjú sí tiwa. Lọ́dún tó kọjá, ó bímọ sí ilé ìgbẹ̀bí àdúgbò wa, ọmọ náà kò mí dáadáa, kò sì sí ẹ̀rọ ọ́síjìn níbẹ̀. Wọ́n gbé e sínú mọ́tò, ó di ọsibítù ńlá. Nígbà tí wọ́n dé Ìjọra, tírélà ti dí ọ̀nà pa. Ibẹ̀ ni ọmọ náà dákẹ́ sí lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yìí, àwọn iléeṣẹ́ kan ní Wharf Road kéde ìrìn ìrànwọ́. Kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan mú èèyàn mẹ́rin wá, kí wọ́n gbéra láti Wharf Road, kí wọ́n gba Ìjọra dé Ìgànmú, kí wọ́n sì padà wá. Àdúgbò tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ bá fi ẹsẹ̀ ara wọn dé kí wọ́n tó ti géètì, wọn ó fún un ní ohun tó bá tọrọ fún ìlera àwọn èèyàn rẹ̀. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá kù sọ́nà, ó parí. Chidinma, nọ́ọ̀sì ilé ìgbẹ̀bí wa, ló kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀, ẹ̀rọ ọ́síjìn ló sì kọ síbẹ̀ pé a fẹ́. Tega mẹkáníìkì tẹ̀ lé e. Èmi ṣe ẹnì kẹta, èmi télọ̀ tó jẹ́ pé láti ìdí máṣíìnì dé ẹnu ọ̀nà ni gbogbo ìrìn mi. Onyeka fúnra rẹ̀ ní òun ni ẹnì kẹrin, kò sì sí ẹni tó lè sọ fún un pé rárá.

Àárọ̀ Sátidé la kọ́kọ́ jáde láti dánra wò. Tega ní kí a máa sáré díẹ̀díẹ̀. Bọ̀ọ̀dá mi, ta ló ń sáré ní Amúkòkò láìjẹ́ pé nǹkan ń lé e? A ò tíì dé ìkóríta tí obìnrin kan fi gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n, tó bá wa sá. Ẹni tó ń ta káàdì fóònù pa agboòrùn rẹ̀ dé. Kí a tó wẹ̀yìn, gbogbo àdúgbò ló ti ń sáré bọ̀ lẹ́yìn wa, kò sì sí ẹni tó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Bàbá Ọbalọlá, alága ẹgbẹ́ onílé, wà lórí àga ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Wọ́n fò dìde, wọ́n já síta tàwọn ti aṣọ funfun lọ́rùn, apá kan orí wọn ń dán, apá kejì kún fún irun.

Tega wá yíjú padà, ó ń kígbe: "Eré ni o! Ẹ má sá, eré ni!"

Ẹ mọ Yorùbá Tega. Ohun tó ní lọ́kàn ni pé eré ìdárayá là ń sá. Ohun tí gbogbo àdúgbò gbọ́ ni pé a kàn fi wọ́n ṣeré. Ni wọ́n bá yà bò wá. Níbi tí wọ́n ti ń tì wá síwá sẹ́yìn ni mo ti fẹsẹ̀ rọ́ létí gọ́tà.

"Èmi lẹ fi ń ṣeré?" Bàbá Ọbalọlá ni wọ́n ń wí bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń mí gulegule. "Èmi, bí mo ṣe dàgbà tó yìí?"

Tega ti dọ̀bálẹ̀. "Baba, abeg, no vex. Na training we dey train."

"Tirenì kí ni? Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sáré ní òpópó yìí mọ́!"

Bí ìdánrawò ṣe fẹ́ forí ṣánpọ́n nìyẹn. Mo dùbúlẹ̀ lórí ẹní, Màmá ń fi róòbù pa ẹsẹ̀ mi, wọ́n sì ń bá mi wí bí wọ́n ṣe ń pa á. Inú bí mi, ó sì dùn mí dọ́kàn, torí mo rí ojú Onyeka bí wọ́n ṣe ń lé wa wọlé.

Lọ́jọ́ kejì a lọ bẹ Bàbá. Tega dọ̀bálẹ̀, Chidinma àti Onyeka kúnlẹ̀. Èmi ò lè kúnlẹ̀, mo bá jókòó sílẹ̀, mo na ẹsẹ̀ tó wú síwájú. Bàbá wò ó, wọ́n wò mí. "Safurat, ẹsẹ̀ lo ń nà sí mi?" Mo wá ibi tí mo lè wọ̀ sí, mi ò rí.

Onyeka ló gbà mí. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ wá mọ́tò fún wa lọ́jọ́ tí mo bímọ. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ wà, a ò ní wá mọ́tò."

Bàbá dìde. Wọ́n ní ká máa lọ. Àmọ́ nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, agogo ẹgbẹ́ onílé la gbọ́, Bàbá fúnra wọn ló ń lù ú, tí wọ́n ń lọ níwájú Tega àti àwọn yòókù: "Ẹ jókòó síbi tí ẹ wà o! Àwọn tiwa ló ń sáré, kò sí nǹkan tó ń lé wọn!" Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn títí ọjọ́ ìrìn fi kò. Èmi náà darapọ̀ mọ́ wọn nígbà tí ẹsẹ̀ mi fúyẹ́, mo ń rìn tìkọ̀tìkọ̀ lẹ́yìn.

Ní ọjọ́ náà gan-an, ẹsẹ̀ mi ni gbogbo wọn ń ṣọ́. Ṣé ó ń dùn ọ́? Ṣé kí a dúró? A dé Ìgànmú, a ṣẹ́rí padà, inú mi ti ń dùn. Bí a ṣe dé Ìjọra, Onyeka ló dúró. Ó jókòó sẹ́bàá títì.

"Na here," ó ní. "Ẹ máa lọ."

Chidinma bẹ̀ ẹ́. Tega bẹ̀ ẹ́. Àwọn àdúgbò mìíràn ń kọjá lára wa. Ẹ̀rù bà mí, torí mo mọ̀ pé tí a bá fi í sílẹ̀ níbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan la máa pàdánù. Mo kàn jókòó tì í. Àwa méjèèjì jọ ń wo tírélà. Nígbà tó yá, mo ní kí n dìde, ẹsẹ̀ mi kọ̀. Bọ̀ọ̀dá, wàláhì, mi ò dọ́gbọ́n kankan.

"Onyeka, mi ò lè dìde mọ́. Jọ̀ọ́, fà mí."

Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ gbá mi létí. "You dey craze? Who tell you make you siddon?"

Àmọ́ ó dìde. Ó fi ọwọ́ méjèèjì fà mí sókè, ó ki apá mi bọ abẹ́ apá rẹ̀. "Oya, waka." Kò fi mí sílẹ̀ títí a fi dé Wharf Road. Wọ́n ti ń tú kánópì. Wọ́n ti ti apá kan géètì, ọkùnrin tó wà níbẹ̀ sì di apá kejì mú dè wá. A wọlé. Mo bú sẹ́kún, mo sunkún bí ọmọdé, ojú ò tì mí rárá.

Wọ́n gbé ẹ̀rọ náà dé ilé ìgbẹ̀bí wa lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá. Chidinma tàn án, ó ń kùn wẹ́ẹ́rẹ́. Ẹnu ọ̀nà ni Onyeka dúró sí, kò wọlé. Ó tẹ́tí sí i títí. Ó ní, "So na so e dey sound." Lẹ́yìn náà ló wọlé, ó ní kí wọ́n sún un mọ́ bẹ́ẹ̀dì dáadáa.

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, mo gbé aṣọ tí mo rán fún un lọ sílé rẹ̀. Emeka jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ti lọ bẹ gbogbo ará ilé pé kí wọ́n pa rédíò. Ó na ìka sí ètè. Ó rọra sọ fún mi pé ìyàwó òun ń sùn, pé láti ọdún tó kọjá òun ò tíì rí i kó sùn bẹ́ẹ̀. Mo gbé aṣọ náà padà sílé. Ara tù mí, Bọ̀ọ̀dá mi, ara tù mí gan-an.

Ẹ bá mi kí ìyàwó wa, ẹ bá mi fa àwọn ọmọ létí díẹ̀. Gbogbo ilé ló ń kí yín, Bàbá Ọbalọlá náà ń kí yín.

Èmi àbúrò yín tó ń rò yín,
Safurat.