Ọṣẹ Ojú Fèrèsé

                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì,
                                        Akínyẹlé,
                                        Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
                                        Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Èrèlé, ọdún 2025.

Àrínọlá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni Ìlọrin? Bàbá Ìbejì ńkọ́? Àwọn ìbejì fúnra wọn ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń jẹ́ kí o sùn? Mo gbọ́ pé ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ ti ń fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ọlọ́run yóò ṣe é láṣepé.

Bí o bá bi mí léèrè ara tèmi, mo ṣáà wà. Mò ń jẹun, mò ń lọ sí ilé ìwé, mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Láti ìgbà tí a ti sin Màámi ni ara mi ti kú bí ẹsẹ̀ tí ènìyàn jókòó lé fún ìgbà pípẹ́. Ẹkún kan kò jáde. Àwọn ìyá ìjọ ń wò mí bí ẹni tí kò fẹ́ràn ìyá rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí n kò fi pè ọ́ lórí fóònù. Gbogbo ẹni tó bá pè mí ló máa ń retí kí n bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Lẹ́tà kì í retí nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ Bàbá ni mo fẹ́ sọ. Láti ọjọ́ ìsìnkú, Bàbá kò sùn lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́. Orí àga pálọ̀ ni wọ́n ń sùn sí, ẹsẹ̀ wọn ti wú, ọyẹ́ ọdún yìí sì mú wọn gan-an. A bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí Màámi máa ń sùn sí tutù jù. Nígbà tí ẹbí pín aṣọ, ìró aláró dúdú tí Màámi máa ń ró lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ló kàn mí. Mo sọ fún Bàbá pé n ó fi ṣe aṣọ ìbora, irú èyí tí wọ́n máa ń tẹ́ òwú sí láàrin, tí wọ́n á wá rán ọnà sí lójú kí òwú má baà ṣù sí ojú kan. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Bí o bá ṣe é, n ó padà sórí bẹ́ẹ̀dì."

Ọ̀dọ̀ Màámi ni ìwọ náà ti kọ́ ìránṣọ, o mọ̀ pé a gbọ́dọ̀ ya ọnà kí abẹ́rẹ́ tó wọlé. Ewé kòkó ni mo fẹ́ yà, nítorí oko Bàbá. Pẹ́ńsù kò hàn lórí aró, bírò kò hàn. Mo dán ọ̀dà funfun tí a fi ń pa àṣìṣe rẹ́ nílé ìwé wò létí aṣọ, ó gan paali, kò sì kúrò mọ́. Ohun tí yóò hàn bí mo bá ń rán an, tí yóò sì lọ bí mo bá fọ̀ ọ́, ni mò ń wá. Ṣọ́ọ̀kì télọ̀ hàn dáadáa, ṣùgbọ́n kí n tó rán ewé kan tán, èyí tó kù ti lọ sára ẹ̀wù mi.

Mo mọ ohun tí o fẹ́ sọ. Ọṣẹ. Pẹ̀lẹ́bẹ̀ ọṣẹ ìwẹ̀ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ni Màámi fi fa gbogbo ìlà tí wọ́n fà láyé. Ọṣẹ tuntun nípọn, ó sì rọ̀, ìlà rẹ̀ á sanra. Èyí tó ti tínrín, tó ti gbẹ, ló dára. Ọ̀kan wà lójú fèrèsé balùwẹ̀, èyí tí Màámi lò kẹ́yìn. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án nílé yìí. Èmi náà ń fojú fò ó.

Máa rẹ́rìn-ín: ohun tó wà ní balùwẹ̀ ni mo wá lọ sí ọjà Ṣáṣá. Zubaidah tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì lẹ́bàá ọ̀nà fún mi ní bírò funfun kan. Ó ní, "Àǹtí, èyí gan-an lẹ ń wá. Bí ayọ́ọ̀nù bá ti kàn án báyìí, fíàù, ó ti lọ nìyẹn." Kò parọ́. Sátidé ni mo yà á, ewé lórí ewé, láìro nǹkan kan. Mo tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, mo lọ tẹ ẹ̀bà. Nígbà tí mo fi padà, Bàbá ti kó èédú sí ayọ́ọ̀nù, wọ́n ti lọ ìró náà, ó ń dán. Kò ku ewé kan.

O mọ̀ wọ́n. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ Màámi, Bàbá ló máa ń lọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn.

Mo ní, "Bàbá, ẹ ti pa ọnà tí mo yà rẹ́."

"Mo rí i pé aṣọ náà rún," ni wọ́n wí. "Sátidé sì ni."

N kò bínú. Inú mi kò bàjẹ́. Mo kàn dúró síbẹ̀ ni. Bàbá gbé ayọ́ọ̀nù kalẹ̀, wọ́n wọ balùwẹ̀, wọ́n mú ọṣẹ ojú fèrèsé jáde, wọ́n nu eruku ara rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò wọn, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. Mo ní bí mo bá lò ó, yóò tán. Wọ́n ní, "Ṣé kí ó máa wò wá níbẹ̀ ni? Màmá rẹ kì í fi nǹkan ṣòfò."

Ó gbẹ táútáú. Ibi tí àtàǹpàkò Màámi máa ń tẹ̀ ti wọnú díẹ̀, tèmi sì ṣe wẹ́kú níbẹ̀. Ìlà rẹ̀ tínrín, ó funfun, kò sì tètè nù. Nígbà tí ewé tó kẹ́yìn parí, ohun tó kù kò ṣe é dì mú mọ́. Mo fi omi ṣan ọwọ́ mi.

Mo rán aṣọ náà tán lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo mú un lọ han Bàbá, mo ní n ó fọ̀ ọ́ lówùúrọ̀ kí ìlà funfun kúrò. Wọ́n gbé e súnmọ́ imú. Wọ́n pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó gbé e kúrò. "Títíladé, má fọ̀ ọ́." Wọ́n gbé e wọ yàrá, wọ́n dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ní ẹ̀gbẹ́ ti Màámi. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo gbé ọwọ́ mi súnmọ́ imú. Kò sí òórùn ọṣẹ níbẹ̀ mọ́, mo ti ṣan án. Ẹkún wá dé, Àrínọlá. Ó pẹ́ kó tó dá.

Bá mi kí Bàbá Ìbejì, kí o sì bá mi gbá àwọn ọmọ mọ́ra. Bàbá ní kí n kí ọ. Bí o bá wá kí wa ní Àjíǹde, jọ̀ọ́, mo mọ bí ọwọ́ rẹ ṣe máa ń yá sí aṣọ fífọ̀. Má fọwọ́ kan ti orí bẹ́ẹ̀dì.

Ọ̀rẹ́ rẹ láti ìdí maṣíìnì Màámi,
Títíladé.