Omi Kànga Wa Níyọ̀

Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ tí mi ò lè jẹ

Omi kànga náà níyọ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá màá lè gbà pé òótọ́ ni.

Láàárọ̀ ni omi sun jáde, ó mọ́ gaara. Gbogbo ará erékùṣù tá a wà yìí hó yèè. Múfú, tá a jọ yọ̀ǹda ara wa láti Agége wá gbẹ́ kànga fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, dì mọ́ mi, ó ń sunkún. Mo bu àkọ́bù fún Ìyá Àgbà tó ni ilẹ̀ náà, torí igi àgbọn wọn la gé ká tó ráyè gbẹ́lẹ̀.

Wọ́n tọ́ ọ wò. Ojú wọn yí padà, ṣùgbọ́n wọn ò tu ú dànù. Wọ́n gbé e mì.

“Ẹ ṣé, ẹ̀yin ọmọ mi.”

Èmi náà tọ́ ọ wò. Omi òkun ni.

Màmá mi pè láti ilé. “Ṣé ẹ ti rí omi?” Mo ní a ti rí i. Wọ́n ké “Alihamudulilahi!” wọ́n sì ń pe àwọn ará ilé wá gbọ́. Mi ò lè sọ ìyókù.

Nírọ̀lẹ́ mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Àgbà pé kí wọ́n foríjì wá.

“Dìde,” ni wọ́n wí. “Ẹ wó ilé ìdáná mi, kẹ́ ẹ gbẹ́ ibẹ̀ wò.”

Iyọ̀ kan náà ló máa wà níbẹ̀. Ẹnu mi ò gbà á láti sọ. Kí n tó dìde nílẹ̀, wọ́n ti ń kó ìkòkò wọn síta.