Orúkọ Òdòdó Ọgọ́rin Tí Mo Fọ̀ Dànù

                                        Yàrá òkè,
                                        Ilé Bàbá Olódòdó,
                                        Ẹ̀yìn ilé ìwòsàn eyín.
                                        Ọjọ́ Àìkú, ọ̀sẹ̀ karùn-ún ìgbéyàwó wa.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Màmá ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́? Àbúrò rẹ tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ńkọ́? Èmi wà pa, àfi pé ó ti rẹ̀ mí dé egungun. Mo lọ́kọ, ọ̀rẹ́ mi! Mo ṣì ń jí láàárọ̀ kí n máa wo ojú rẹ̀ bóyá òótọ́ ni. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ pariwo, agbára tí n ó fi pariwo ni kò sí.

Bàbá ọkọ mi ń tọ́jú òdòdó ọ́kíìdì nínú ilé onígíláàsì lẹ́yìnkùlé. Àwọn àtijọ́ ni, tí àwọn olódòdó ti fi òdòdó oríṣi méjì bí kí wọ́n tó bí àwa. Nínú ìkòkò kọ̀ọ̀kan, ike pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ orúkọ òdòdó náà sí, àti ti bàbá àti ìyá rẹ̀. Èmi ìyàwó tuntun tí mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé mo mọ́ tónítóní, mo kó gbogbo ike náà sínú bàsíà, mo fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n. Wọ́n funfun báláú. Orúkọ ọgọ́rin ló bá omi ọṣẹ lọ.

Ọkọ mi ní, "Ìyàwó, ọjọ́ márùn-ún péré, o ti sọ ọgọ́rin òdòdó di aláìlórúkọ. Jọ̀ọ́, má fọ èmi o!" Bàbá kò rẹ́rìn-ín, wọn kò sì bínú. Wọ́n kàn jókòó ni. Mo wá gbọ́ pé Bàbá fúnra wọn ló fi oríṣi méjì bí ọ̀kan nínú àwọn òdòdó náà lọ́dún tí wọ́n gbéyàwó, orúkọ ìyá ọkọ mi tó ti di olóògbé ni wọ́n sọ ọ́. Kò sí irú rẹ̀ níbòmíràn.

Ojú Bàbá ti ń ṣe bàìbàì, nítorí náà, nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í wá orúkọ wọ̀nyẹn padà, èmi ni ojú, Bàbá tó mọ gbogbo wọn lórí ni ìwé. Mo ń ka ewé, mo ń fi awò wo ọ̀fun òdòdó bóyá ìlà pupa wà níbẹ̀. Bàbá á ní, "Ètè rẹ̀ ńkọ́, ṣé etí rẹ̀ ṣẹ́ wẹ́wẹ́?" Mo kọ́kọ́ rò pé àwọn òdòdó náà kò lẹ́wà. Ti òde òní máa ń rí roboto. Àwọn wọ̀nyí tẹ́ẹ́rẹ́, apá wọn rọ̀ wálẹ̀ bí ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé, bíi tèmi gan-an. Ṣùgbọ́n jókòó tì wọ́n: kò sí méjì tó pọ́n bákan náà, òórùn wọn láàárọ̀ a sì máa múni gbàgbé ẹ̀yìn ríro.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó ku mẹ́ta tí ewé wọn jọra, tí wọn kò tíì tanná, a kò sì tíì rí èyí tó ń jẹ́ orúkọ ìyá ọkọ mi. Àkọ́kọ́ là lọ́jọ́bọ̀. Bàbá gbóòórùn rẹ̀, wọ́n mi orí. Èkejì là lọ́jọ́ Ẹtì. Wọ́n ní, "Ó jọ ọ́, àmọ́ òun kọ́." Mo padà lọ ń wo àwọn tí a ti sọ lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí a bá ti fi orúkọ ẹlòmíràn pe ìyá ọkọ mi láàárín wọn ńkọ́?

Láàárọ̀ àná, ìkẹta là. Bàbá tẹ̀ síwájú, wọ́n fi imú kàn án, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n na ọwọ́ sí mi láìwẹ̀yìn.

"Ìyàwó, wá kí ìyá ọkọ rẹ."

Mo sún mọ́ ọn. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, Mà."

Bá mi kí gbogbo ilé.

Tìrẹ ni mo ṣì jẹ́, bí mo tilẹ̀ ti di tẹlòmíràn,
Ẹlẹ́rìn-ín.