Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn Yàrá Mi

Màámi ọ̀wọ́n,

Ọmọ yín tó wà ní Agége ló ń kọ ìwé yìí. Ìwé mẹ́rin ilé ìwé tí ẹ bá Bàbá fà á títí kí wọ́n tó jẹ́ kí n kà ni mo fi ń kọ ọ́, ẹ má wo bí ọwọ́ mi ṣe rí wúruwùru. Ẹ̀rù ń bà mí, Màámi, kò sì sí ẹni tó wà láàyè tí mo lè sọ ọ́ fún.

Bàbá Ràmọ́tà ti fẹ́ ìyàwó. Ó lé lọ́dún kan báyìí. Ṣìfáwù lorúkọ rẹ̀, ará Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiwa ni, kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Ṣé ẹ rántí pé mo ń sọ fún yín nígbà náà pé mi ò ní gbé ilé olórogún láéláé? Ẹ kàn máa ń rẹ́rìn-ín ni, ẹ ó sì máa bá iṣẹ́ yín lọ. Ọkọ mi kò bi mí léèrè. Ó dé láti Ìkẹjà lọ́jọ́ kan, níbi tó ti ń ṣe bíríkìlà, tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn iléeṣẹ́ tuntun. Ó fọ sìmẹ́ńtì ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Ìyá Ràmọ́tà, mo fẹ́ wá ẹnì kan tí yóò máa ràn ọ́ lọ́wọ́." Mo ní ó ṣeun. Kí ni ǹ bá tún wí? Lẹ́yìn Ràmọ́tà, oyún méjì ló ti bàjẹ́ mọ́ mi lára.

Kí n má parọ́ fún yín, Ṣìfáwù kò ṣẹ̀ mí. Ojoojúmọ́ ló ń kúnlẹ̀ kí mi. Èmi ni mò ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Kò ju oṣù mẹ́ta tó wọlé lọ tó fi lóyún, láti ìgbà náà ni nǹkan kan ti ń dùn mí lábẹ́ ọmú òsì. Tí mo bá jókòó ti obì tí mò ń ṣà fún títà, n ó kàn rí i pé mo ti ń da èyí tó dára mọ́ èyí tí kòkòrò ti jẹ.

Mo rántí ilé olórogún tiyín. Tí ìyálé yín bá ti bẹ̀rẹ̀ èébú nílé ìdáná, ẹ máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ yín méjèèjì dí mi létí. N ó máa gbọ́ hùùù, bí ẹni pé odò ń ṣàn nínú ọwọ́ yín. Ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ èébú náà, Màámi. Mi ò sọ fún yín rí.

Jímọ̀ ìjẹta ni ohun tó fa ìwé yìí ṣẹlẹ̀. Àwọn ọkùnrin ilé ti lọ kírun, àwọn obìnrin wà lọ́jà, Ràmọ́tà wà nílé ìwé. Ó ku èmi àti Ṣìfáwù. Mo wà nínú yàrá mi nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti òdìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ìyálé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí."

Mo dìde. Mo dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Mo sì dúró.

Mo dúró ni, Màámi. Ọkọ̀ ojú irin tó ń bọ̀ láti Ìddó kọjá, ilé mì tìtì, ó ṣì ń pè mí. Mo wà níbẹ̀ títí ọkọ̀ kejì fi kọjá. Ọwọ́ mi wà lára ìkọ́ ilẹ̀kùn, kò yọ ọ́. Mo gbọ́ tí ọkàn mi ní, bó bá kú, ta ni yóò mọ̀? Mo bojú wẹ̀yìn, bóyá ẹlòmíràn ló sọ ọ́. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.

Nígbà náà ni mo rí ara mi lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, tí mò ń fi ọwọ́ méjèèjì lu ilẹ̀kùn ìyálé yín. Ẹ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ọmọ kò jáde. Wọn ò ṣílẹ̀kùn. Wọ́n sọ fún gbogbo ará ilé nígbà tí ẹ kú pé àwọn ti sùn lọ.

Mo yọ ìkọ́, mo sáré wọlé tọ Ṣìfáwù. Ó ti ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, ẹsẹ̀ ọmọ kan ti yọ. Mo figbe ta. Màlámù tó máa ń fi ọmọlanke kó obì wa lọ sídìí ọkọ̀ ojú irin ló gbọ́. Ó da gbogbo apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ láì béèrè nǹkan kan. A gbé e sórí ọmọlanke, a sáré, nítorí òdìkejì ojú irin ni ilé ìgbẹ̀bí wà.

Wọ́n ti ti géètì ojú irin. Ọkọ̀ ẹrù ló ń bọ̀, ó ń wọ́ bí ìgbín. Wágọ̀nù kan kọjá, òmíràn tẹ̀ lé e, mi ò rí ìdí wọn. Ṣìfáwù di apá mi mú, ó sì gé e jẹ. Mi ò fà á. Ó ń wò mí lójú. Mi ò bẹ̀rù báyìí rí láyé mi. Mo pe Ọlọ́run, mo sì pè yín. Ṣé ẹ gbọ́?

Nọ́ọ̀sì tó gbà á lọ́wọ́ wa bi mí pé, "Ìgbà wo ló ti ń rọbí?"

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, mà."

Wọ́n gbé e wọlé. Mo dúró níta, ohun tí mo sọ wá ń dún létí mi. Mo mọ̀ pé irọ́ yẹn lè pa á. Mo ti ilẹ̀kùn wọlé, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, mo parọ́ ni. Ó ti pẹ́. Ó ti pè mí títí." Nọ́ọ̀sì wò mí lẹ́ẹ̀kan. Ó yíjú sí ẹnì kejì rẹ̀, ó ní kó yára.

Ọmọ náà kò ké nígbà tó jáde. Wọ́n gbá a nídìí, wọ́n tún gbá a, mo ti jókòó sílẹ̀ kó tó ké. Obìnrin ni. Ẹsẹ̀ ló fi wáyé, nítorí náà Ìgè ni wọ́n ń pè é. Ìyá rẹ̀ yè.

Nígbà tí ọkọ mi dé tòun ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú lójú gbogbo ènìyàn. Ó ní, "Ìyá Ràmọ́tà, ìwọ lo ni ọmọ yìí." Gbogbo wọn ń ṣàdúrà fún mi.

Ó wá ku Ṣìfáwù, tí wọ́n ti dá òun àti ọmọ padà sílé lánàá. Láàárọ̀ yìí, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo ní, "Ìyàwó, mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti gbọ́."

Ó ní, "Ẹ dìde, ìyálé mi. Ilẹ̀kùn mi wà ní ṣíṣí. Mo ń wo ẹsẹ̀ yín lábẹ́ ilẹ̀kùn yín."

Màámi, ó rí mi. Gbogbo ìgbà tí mo fi dúró ló ń wò mí. Mo wá mọ̀ pé ìyálé yín kò sùn. Láti ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mo ti kórìíra wọn. Ibo ni n ó gbé ìkórìíra náà sí báyìí? Ṣé ẹ ó bínú sí mi bí mo bá sọ pé mo mọ bó ṣe rí lára wọn?

Mo rò pé Ṣìfáwù yóò lé mi jáde. Ó gbé ọmọ náà lé mi lápá. "Ẹ bá mi gbé e," ló wí, "mo fẹ́ lọ wẹ̀."

Ó lọ. Mo jókòó sórí ẹní rẹ̀, mi ò lè mira, mo ń wo ọwọ́ ara mi lára ọmọ náà bí ẹni tó ń wo ọwọ́ àjèjì. Mo ń gbọ́ bí omi ṣe ń dà ní balùwẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Omi náà tán, kò dé. Ó pẹ́ gan-an, Màámi. Mo mọ̀ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ pẹ́ ni, kí ọmọ náà lè pẹ́ lọ́wọ́ mi.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ṣì ń bẹ̀rù, tó sì fẹ́ràn yín.